Ìpíndọ́gba àti Ìwádìí Àrùn Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọdún 1953, J. C. Carothers kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì ka ọmọ Áfíríkà gbogbo sí oníyè kan náà. T. A. Lambo tako èrò yìí. Láti ọdún 1961, òun àti A. H. Leighton ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀, wọ́n sì fi wé ti Stirling County ní Kánádà. Ìwé wọn, tí ó jáde ní 1963, fi hàn pé ìjọra pọ̀, àti pé àrùn ọpọlọ wọ́pọ̀ jù ní abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti tú.

Ìpíndọ́gba nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìdánwò t, tí W. S. Gosset fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1908, ń gbé ìyàtọ̀ ẹgbẹ́ méjì lórí ìyàtọ̀ inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ará Wásinmi méjì pàápàá kì í rí bákan náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti gbogbo Áfíríkà.