Omi Gbígbóná, Ta Ni Yóò Gbé E?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá jẹ́ omi híhó ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ó ń tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe. Oníṣẹ́ tí ó gbé iṣẹ́ náà fún bi í bóyá kí òun fi irú ẹ̀rọ omi kan sí i, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá ti yí i lórí, omi híhó ni yóò máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀, láìdáná, láìgbé nǹkan kaná. Owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe iyèméjì. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin ni ẹ máa ń ka ìwé ìtàn. Kí ni ẹ rí sí i?'

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi kò kan ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo rí i pé mo ti ṣì í sọ. Díẹ̀ ni ohun tí ó kan ìtàn tó ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú ilé ẹ̀dá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín omi kan àti èkejì. Omi lè tutù. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lè gbóná. Ó sì lè hó. Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè lásán, iṣẹ́ ni ó pín wọn níyà. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ tuntun. Omi gbígbóná tí a bu omi tútù lù ni bàbá fi ń wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí a ó dà lu ògì gbọ́dọ̀ hó. Bí kò bá hó, ògì kò ní di ẹ̀kọ, yóò kàn máa ṣàn ṣáá ni. Bákan náà ni ti gààrí. Ẹni tí ó bá fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ ẹ̀bà, gààrí rírẹ ni yóò jẹ, kì í ṣe ẹ̀bà.

Ta wá ni ó ń se omi náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tí yóò lò ó. Ìyàwó ilé ni, tàbí ọmọ ilé, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti àbúrò mi yìí ni a jọ ń gbà á ṣe. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èmi ni ó kàn láti gbé omi bàbá wa láti ìdí ààrò dé balùwẹ̀. Oorun ń kùn mí. Mo ní kí ó bá mi gbé e, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni mí, ẹ̀gbọ́n a sì máa rán àbúrò níṣẹ́. Ó gbé e. Ibi tí ó ń gbé e lọ kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ kọ. Àpá náà wà ní itan rẹ̀ títí di òní. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. Kò sì mẹ́nu kàn án lọ́jọ́ tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo rántí.

Bóyá nítorí àpá yìí ni kò fi ṣeé ṣe fún mi láti ka ìtàn ìjà owó omi ní Èkó bí ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ìṣèlú lásán. Ní ọdún 1908, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, ìjọba gbé ètò kan jáde pé àwọn yóò fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, àwọn ará ìlú yóò sì máa san owó omi. Lójú ìjọba, oore ni. Omi kànga, nínú ìlú tí ilé ti fún mọ́ra tí ṣáláńgá kò sì jìnnà sí orísun omi, kì í ṣe ohun tí ó ṣeé fọkàn tán. Àìsàn inú omi ìdọ̀tí ń pa ọmọdé, ó ń pa àgbà. Èyí kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n Èkó kọ̀. Ní ọdún 1908 náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó omi yìí sì ni ó ṣe kókó jù nínú ohun tí ó bí i. Ẹ kíyè sí i pé oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó nílò láti kọ́ wọn pé omi ìdọ̀tí ń fa àìsàn. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kò gba ti owó omi náà. Herbert Macaulay, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ó rọrùn fún ọmọ ìwé òde òní láti fi àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Yóò ní, 'Ẹ wo àwọn tí a gbé omi mímọ́ wá fún, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́.' Bí a bá sì gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, kì í ṣe omi ni wọ́n kọ̀. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, wọ́n ní àwọn ní kànga, àwọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ẹ̀rọ. Èkejì, wọ́n ní àwọn Òyìnbó díẹ̀ tí ó wà nílùú ni yóò jẹ àǹfààní ẹ̀rọ náà jù, nígbà tí ó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú tí ó pọ̀ ni yóò ru ẹrù owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó sì wúwo jù: ta ni ó bi wọ́n léèrè? Ìjọba tí wọn kò yàn ni ó pinnu ohun tí wọ́n nílò, òun náà ni ó dá iye rẹ̀, òun náà ni yóò sì gbà á. Bí ilé onílé bá ti lè di ohun tí a ń gba owó lé lórí lónìí nítorí omi, kí ni yóò dé lọ́la?

Iṣẹ́ kò dúró. Ní ọdún 1915, nígbà tí Lugard jẹ́ Gómìnà Àgbà, wọ́n ṣí ibi ìpọnmi Ìjù, èyí tí a kọ́ láti pèsè omi tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì gálọ́ọ̀nù lóòjọ́ fún Èkó. Ní ọdún 1916, ọ̀rọ̀ sísan owó omi dé ojú ẹ̀, ìlú sì dàrú. Nígbà náà, ohùn People's Union ti rọlẹ̀. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ìlàjà pẹ̀lú ìjọba, àwọn ará ìlú sì kẹ̀yìn sí wọn. Orúkọ Macaulay ni ó ga sí i, títí tí ó fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1923.

Omi ni ó borí nígbẹ̀yìn. Àwọn tí kò fẹ́ owó omi pọn omi náà, ọmọ wọn pọn ọ́n, ó sì ṣe wọ́n lóore. Ọmọ tí ì bá dúró ti okùn kànga kò dúró tì í mọ́. Èyí ni ó jẹ́ kí ìtàn náà ṣòro í dájọ́. Ìjọba jàre nípa omi, Èkó jàre nípa owó. Ẹni tí ó ń gbé omi lórí àti ẹni tí yóò sanwó omi kì í ṣe ẹnì kan náà ní gbogbo ìgbà, ohun tí ó sì dẹ ẹrù ọ̀kan lè dá kún ẹrù èkejì. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ni kò rí omi ìjọba lò. Kànga-dẹ̀rọ ni wọ́n gbẹ́, tàbí kí wọ́n ra omi inú ọ̀rá mu. Olúkúlùkù wá padà sídìí kànga tirẹ̀, ó sì ń sanwó síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú ògiri ni omi gbígbóná wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àbúrò mi ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà ayé Fikitóríà, nínú ilé àwọn ọlọ́lá ibẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń ru omi gbígbóná láti ilé ìdáná nísàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá olówó wọn lókè. Ní ọdún 1868, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Benjamin Waddy Maughan, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń fi iná gáàsì mú omi gbóná bí ó ti ń ṣàn lọ. Ó sọ ọ́ ní Geyser, orúkọ orísun omi gbígbóná tí ó ń tú sókè láti inú ilẹ̀ ní Iceland. Ṣùgbọ́n kò ṣe ọ̀nà tí èéfín iná náà yóò gbà jáde, nítorí náà ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àtẹ̀gùn. Onílé kò bọ́ lọ́wọ́ èéfín.

Lẹ́yìn èyí ni kẹ́tùlù oníná mànàmáná gbòde. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ Russell Hobbs gbé èyí tí ó ń pa ara rẹ̀ bí omi bá ti hó jáde. Bí kẹ́tùlù ti wọ ìgbésí ayé wọn tó hàn ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1990. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fi gbèǹdéke gbá England jáde nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Bí ìdíje ti parí, àìlóǹkà ènìyàn dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lọ gbé omi tíì kaná, iná tí wọ́n ń fà sì fò sókè pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 2,800 lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó nǹkan bí ìdajì iná tí gbogbo Nàìjíríà sábà máa ń rí pín lóde òní. Èmi tí mo ń gbé níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ kò lè ka irú èyí kí n má mi orí.

Ẹ̀rọ tí àbúrò mi ń béèrè wá láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ní ọdún 1970, Henri Peteri ń ṣiṣẹ́ ní Unilever, níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti ṣe ọbẹ̀ tí a kàn ń da omi híhó lé lórí. Ó bi ara rẹ̀ pé bí ọbẹ̀ bá yá, omi híhó tí a ó dà lé e ńkọ́? Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbéèrè yìí, ó ń ṣe é nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì bá a mú un dé ọjà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Agolo kan wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́ tí a dé pinpin, tí a sì dáàbò bò kí ooru má baà jáde. Nítorí pé ó dé pinpin, omi inú rẹ̀ lè gbóná kọjá òṣùwọ̀n 100 láìhó. Bí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ìfúnpá náà tú, omi sì jáde ní híhó. Kì í ṣe omi gbígbóná lásán. Omi tí ó lè po ẹ̀kọ ni.

Nígbà tí mo tún pe àbúrò mi, mo ti kó gbogbo èyí jọ bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ni ní kíláàsì. Mo sọ fún un pé omi Lọ́ńdọ̀nù a máa fi ẹfun sílẹ̀ nínú agolo, yóò sì máa ná wọn lówó láti tọ́jú. Mo sọ pé yóò máa jẹ iná díẹ̀díẹ̀ kódà bí wọ́n bá ń sùn. Mo sọ pé ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ó máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò lè ṣèèṣì ṣí i bí ẹ̀rọ omi lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí a tó yí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè ohun tí Egerton kò béèrè ní Èkó.

Mo ní, 'Ta ni ó ń se omi nínú ilé yín?'

Ó ní ìyàwó òun ni. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe. Bí ó bá dé láàárọ̀, òun náà ni yóò tún gbé omi kaná.

Mo ní, 'Ṣé ó ti sọ èrò rẹ̀ fún ọ?'

'Ó ti sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó fẹ́ ẹ.'

'Ta ni yóò san owó rẹ̀?'

'Àwa méjèèjì ni.'

Mo ní, 'Kí wá ni o ń bi èmi léèrè sí?'

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, 'Ọmọkùnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ gbé kẹ́tùlù lọ sórí tábìlì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ.'

Èmi náà dákẹ́. Kò sí ohun tí mo kà nínú ìwé tí mo lè fi dáhùn. Nígbà tí ẹnu mi là, mo ní kí ó fi ẹ̀rọ náà sí i, kí ó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ kí a tó yí i, kí ó sì jẹ́ kí n dá sí owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní náírà mélòó ni n ó kó jọ kí ó tó di pọ́n-ùn kan? Mo ní kò kàn án, kí ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sì gbà á, láìbéèrè ìdí.