Àtọ̀sí Ajá, Ìsédò Ọ̀yán àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Tí A Ṣì Ń Wá

Ní Àkúté, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fa omi odò Ògùn lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ rẹ̀ ní Adìyàn àti Ìjú, apá kan omi yìí sì ni èyí tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí nítòsí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1983. Iná mànàmáná tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ mẹ́ta síbẹ̀ kò tàn fún ohun tó lé ní 20 ọdún, ṣùgbọ́n àrùn kò dúró dè é. Omi adágún tó dákẹ́ sójú kan di ibùgbé ìṣáwùrú, àwọn onímọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ ìwádìí jáde ní 1991 lórí bí àtọ̀sí ajá, àrùn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé méjì tí wọ́n kó àwọn tí omi gba ilẹ̀ wọn lọ.

Theodor Bilharz ló kọ́kọ́ rí aràn tó ń fà á, ní Káírò ní 1851. Ní 1915 ni Robert Leiper fi hàn pé inú ìṣáwùrú ni ọmọ aràn náà ti ń dàgbà kó tó gba awọ ẹni tó bá wọ omi wọlé. Àgbà aràn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Ẹyin rẹ̀ tó há sí ara àpò ìtọ̀ ni ara ń bá jà, ìjà yìí ló sì ń dá ọgbẹ́ àti àpá síbẹ̀.

Àgbà aràn máa ń fi èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bo ara rẹ̀, bí olè tó wọ aṣọ onílé, kí ara má baà dá a mọ̀. Ìgbà tó bá kú, lẹ́yìn ọdún 3 sí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ohun tó fi pamọ́ ń hàn, èyí sì wà lára ìdí tí àjẹsára àdánidá fi ń pẹ́ dé, tí àgbàlagbà fi ń ní in ju ọmọdé lọ. Ní Gáḿbíà, Paul Hagan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú àwọn aláàrùn, wọ́n wá ṣọ́ ẹni tí aràn yóò tún wọ̀. Ìwádìí wọn tó jáde ní 1991 fi hàn pé àwọn tí IgE, èròjà agbógun-ti-àrùn kan, pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bọ́ lọ́wọ́ aràn ní ìlọ́po 10 ju àwọn tí tiwọn kéré jù lọ, nígbà tí èròjà kejì, IgG4, ń ṣe òdìkejì rẹ̀.

Oògùn praziquantel ń pa aràn tó wà lára, kò dènà èyí tí yóò wọlé lọ́la, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n IgE tó ń gbani lọ́wọ́ aràn náà ló ń mú ara yún, tó ń mú kí ó sú: ní Brazil, abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun mú kí ara àwọn tí aràn náà ti wọ̀ rí sú lójijì, wọ́n sì dá a dúró. Ó jọ pé ìdiwọ̀n yìí, bí a ṣe lè rí ààbò láìjí ìyọnu, ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Bilhvax, tí André Capron àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lille ṣe láti inú èròjà aràn tí wọ́n ń pè ní Sh28GST, ló kọ́kọ́ dé ìpele ìdánwò kẹta. Àwọn ọmọdé nǹkan bí 250 ní àríwá Senegal ló kópa nínú ìdánwò náà láàárín 2009 sí 2012, ìdajì wọn ni wọ́n sì fún ní abẹ́rẹ́ náà. Kò pa wọ́n lára, àmọ́ nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ó hàn pé kò dá aràn dúró tó, pé IgG4 wà lára ohun tó jí, kò sì jí IgG3 tí wọ́n gbà pé ó ń dáàbò boni. Èyí tí Afzal Siddiqui ṣe ní Texas láti inú èròjà Sm-p80 ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ní Burkina Faso àti Madagascar.