Ọjọ́ Ìsinmi Wo Là Ń Wí?

Bí o bá sọ fún onígbàgbọ́ kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, létí ọ̀sà Ìkòròdú, pé Ọjọ́ Ìsinmi lo máa wá kí i, Sọ́ńdè ni yóò máa retí rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú Òfin Mẹ́wàá, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Ísírẹ́lì ya ọjọ́ keje sí mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ keje àwọn Júù, ìyẹn Sábáàtì, ń bẹ̀rẹ̀, alẹ́ Sátidé ló sì ń parí. Inú òfin yìí náà ni àwọn Adventist, tí wọ́n dé Erúnmu nítòsí Ìbàdàn ní 1914, ti mú Sátidé tí wọ́n ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ọjọ́ méjì, tí ti àwọn Júù sì fi sọ nù mọ́ wa lójú.

Kì í ṣe pé àwọn atúmọ̀ wa kò mọ ọ̀rọ̀ wá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìrékọjá bá Pesach àwọn Júù mu gẹ́lẹ́. Àlùfáà àti wòlíì, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti mú wọn, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ka èyíkéyìí nínú wọn sí àjèjì lónìí.

Òfin, tí Bíbélì wa fi túmọ̀ Tórà, ló le jù. Tórà ni àwọn Júù ń pe ìwé márùn-ún Mósè, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́sọ́nà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn Ábúráhámù wà nínú rẹ̀, ti Jósẹ́fù náà wà níbẹ̀. Àmọ́ létí Yorùbá, ohun tí ọba fi lélẹ̀ ni òfin, ẹni tó bá rú u yóò jìyà. Nígbà tí a bá wá ka Ìwé Róòmù, tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1850, tí a rí òfin níhìn-ín, oore-ọ̀fẹ́ lọ́hùn-ún, a ó rò pé ìbẹ̀rù nìkan ni ẹ̀sìn Júù. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ní àjọ̀dún Simchat Torah, àwọn Júù ń gbé àkájọ ìwé Tórà mọ́ra, wọ́n ń fi jó yí ká sínágọ́gù. Ìyà kọ́ ni wọ́n ń jó fún.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí Ọjọ́ Ìsinmi àti Òfin dúró nínú Bíbélì wa. Ìran púpọ̀ ti fi wọ́n gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ni nípa àwọn Júù fúnra wọn, ká sọ Sábáàtì, ká sọ Tórà, ká sì túmọ̀ wọn. Onígbàgbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí Jésù nínú ìwé Àìsáyà; kò yẹ kó rò pé bí Júù náà ti ń kà á nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé ìwé tí a jọ ń kà yìí, àwọn kan ti ń kà á ṣáájú wa, wọ́n sì ń kà á títí dòní.