Kálórì Inú Ìkòkò Ọbẹ̀: Ìtàn Kúkurú láti Hayin Dogo, Zaria

Ilé ìdáná ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Hayin Dogo, lẹ́bàá Samaru, níbi tí mo ń gbé, wọ́n ní kí ìyàwó mi, tí ó ní àtọ̀gbẹ, máa ka kálórì oúnjẹ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un dárúkọ búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹyin, pẹ̀lú iye tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ọbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ kò ju "ife kan" lọ. Ọbẹ̀ wo? Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, àbí gbẹ̀gìrì, àbí miyan taushe tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn Hausa aládùúgbò wa? Ìdí nìyí tí mo fi tọpa ibi tí kíkà yìí ti ṣẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, Wilbur Atwater, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fìdí ìṣirò tí a ṣì ń lò títí di òní múlẹ̀: kálórì 4 nínú gíráàmù púrótéènì kan, 9 nínú ti ọ̀rá, 4 nínú ti sítáàṣì àti ṣúgà. Ní 1945, B. S. Platt gbé àtẹ oúnjẹ ilẹ̀ olóoru jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún un ṣe ní 1962, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní Zaria níbí. Àjọ FAO ṣe ti Áfíríkà ní 1968. Àwọn àtẹ wọ̀nyí wúlò, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n èròjà tí ó dá dúró ni wọ́n kà jù: epo lọ́tọ̀, ẹ̀gúsí lọ́tọ̀, ewébẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni William Bascom ti kọ àpilẹ̀kọ méjì sínú jọ́nà Africa ní 1951 lórí oúnjẹ Yorùbá àti bí a ṣe ń sè é. Ẹni tó ń wọn èròjà àti ẹni tó ń wo ìkòkò kò pàdé. Lójú tèmi, ìwé Oguntona àti Akinyele tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1995 ló sún mọ́ ilé ìdáná jù nínú èyí tí mo rí, nítorí ó fi oúnjẹ sísè kún tútù.

A kò dúró de àtẹ mìíràn. A wọn ìkòkò lófìfo, a wọn gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀, a sì wọn ọbẹ̀ nígbà tó jiná. Epo pupa gíráàmù 150 mú nǹkan bí kálórì 1,350 wá. Ẹ̀gúsí gíráàmù 200, nǹkan bí 1,150. Ẹran, ẹja gbígbẹ àti ewébẹ̀, nǹkan bí 1,000. Omi kò ní kálórì, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ọbẹ̀ di púpọ̀: ọbẹ̀ náà wọn gíráàmù 2,500, nítorí náà gíráàmù 100 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kálórì 140. Ọbẹ̀ kan náà, tí a bá jẹ́ kí ó gbẹ sí i, kálórì ìgbákọ kan yóò pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi epo kún un. Ní ti omi ẹran, ọ̀rá tó léfòó ló ń kó kálórì rẹ̀ jọ. Tí ó bá tutù tí ó dì, ṣíbí la fi ń kó o kúrò.

"Bàbá Ayọ̀," ni ìyàwó mi wí, "ṣé epo yìí náà ni ẹ wá ń fi òṣùwọ̀n wá kiri? Ṣebí ẹ bá bi mí."

Òótọ́ ló sọ: epo nìkan ju ìdámẹ́ta kálórì ìkòkò náà lọ. Ó ti dín in sí ìlàjì báyìí.

Obìnrin ilé kejì ti gbà kí a wá wọn miyan kuka òun ní Sátidé. Ó ní kí a gbé òṣùwọ̀n wa wá, ṣùgbọ́n kí a má fọwọ́ kan ìkòkò òun.