Ooru àti Yìnyín: Ìtàn Ìrora Abẹ́ Ikùn ní Ìjọra Badia

Ìrora kan wà tí èèyàn kì í sọ lójú ọjà. Bí orí bá ń fọ́ ìyàwó ilé kan, kò ní pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́. Bí eyín bá ń dun baálé ilé kan, yóò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, gbogbo wa yóò sì máa kí i pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ṣùgbọ́n ìrora àpò ìtọ̀ àti ti abẹ́ ikùn, èyí tó ń bá èèyàn jà fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún mẹ́wàá, tó ń jí i dìde láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóru, ìdákẹ́ la fi ń gbé e. Ẹni tó bá sì la ẹnu, kíá ni wọ́n á ti ní àtọ̀sí ni, wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti lọ kó o. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú yàrá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ni ọ̀pọ̀ ti ń wá ìtura. Omi gbígbóná ni àwọn kan ń nawọ́ sí, àwọn mìíràn sì ń nawọ́ sí yìnyín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtàn ohun méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láti àdúgbò tí mo ń gbé, Ìjọra Badia, lẹ́bàá Àpápá. Mo ní ìdí. Bí ibì kan bá wà ní Èkó tí ooru àti òtútù ti ń jáde fún gbogbo ìlú, Ìjọra ni. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èédú Enugu ni wọ́n ń kó sínú iná rẹ̀, òun ló sì ń tan ilé àwọn òyìnbó àti ti àwọn ọlọ́lá l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ni àwọn kóòdù-rúùmù ẹja dé sí Ìjọra Ọlọ́pàá, tí àwọn alájàpá ń ti gbogbo Èkó wá ra páálí ẹja dídì níbẹ̀. Iná ńlá lápá kan, yìnyín ńlá lápá kejì, àárín wọn ni àwa ará Badia wà.

Ta ni ará Badia? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe pé wọ́n fúnra wọn yan ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Eré tó wà ní Ìgànmú, abúlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Olúwọlé. Ní 1973, wọ́n kó àwọn ará abúlé náà kúrò, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé ní Badia, lórí ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Gbọ̀ngàn náà parí ní 1976, wọ́n ṣe FESTAC níbẹ̀ ní 1977, aráyé wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ṣí sílẹ̀ fún un ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní tiwọn. Àmọ́ àṣà ilé wọn kò bọ́ sọ́nà, omi gbígbóná sì jẹ́ ọ̀kan nínú àṣà náà.

Àbí ta ni kò mọ omi gbígbóná ìyá ọmọ nílẹ̀ Yorùbá? Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò gbé omi kaná, yóò ri aṣọ bọ̀ ọ́, yóò fún un, yóò sì máa fi tẹ̀ ẹ́ níkùn. Lẹ́yìn náà, yóò ní kó jókòó sínú báàfù omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti mọ̀ pé ohun tó ń tu ìyá ọmọ lára lè tu ẹni tí àpò ìtọ̀ ń dà láàmú pẹ̀lú. Mo mọ ìyá ẹlẹ́ja kan ní ojúlé tó kọjú sí tiwa. Ọdún púpọ̀ ló fi ń gbé kápúsù mì lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kan, ìrora náà kò lọ. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, tí mo bá ti jókòó sómi yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n tú okùn kan nínú mi."

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ èyí. Nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì, nígbà ayé Hippocrates, ń kọ́ni pé kí a rọ omi gbígbóná sínú ìkòkò amọ̀ tàbí sínú àpò ìtọ̀ ẹran, kí a gbé e lé ibi tó ń dunni, kí a sì kọ́kọ́ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa dá kún ìrora. Láti àwọn ọdún 1820, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Vincenz Priessnitz, tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ dókítà kankan, ń gba àwọn aláìsàn sílé ní Gräfenberg, lábẹ́ ìjọba Austria ìgbà náà, ó ń jókòó wọn sínú omi tútù nini. Ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí ìjókòó ni àwọn òyìnbó fi ń pe irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní 1903, Slavoljub Penkala ní ìlú Zagreb gba ìwé àṣẹ lórí àpò rọ́bà tí a ń rọ omi gbígbóná sí. Ẹni tí kò bá rí rọ́bà rà ní Badia, ìgò ṣìnáàpù ló ń rọ omi sí, á wá fi àkísà wé e.

Ti yìnyín ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1806, oníṣòwò ará Boston kan, Frederick Tudor, di yìnyín tí wọ́n gé lójú omi sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ tà ní erékùṣù Martinique níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n òwò náà sọ ọ́ di olówó nígbẹ̀yìn. Ní nǹkan bí 1850, dókítà James Arnott ní Brighton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń po yìnyín àfọ́wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ iyọ̀, ó ń gbé e lé ibi tí ìrora wà títí yóò fi kú tipiri.

Ṣùgbọ́n bí ìtura ṣe pẹ́ nílé ayé tó, kò tètè sí ẹni tó gba àwọn tó ń jìyà gbọ́. Ní 1887 ni Alexander Skene, dókítà ní New York, lo orúkọ interstitial cystitis fún àìsàn kan tó ń ba ògiri àpò ìtọ̀ jẹ́. Ní 1915, Guy Hunner ní Baltimore ṣàpèjúwe egbò kan tó rí nínú àpò ìtọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń ké fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, dókítà mìíràn á yẹ ìtọ̀ obìnrin wò, kò ní rí kòkòrò, á ní ọkàn rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Vicki Ratner, tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ní àìsàn yìí ní 1984. Ẹ wò ó: bí wọ́n bá lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ dókítà pé irọ́ ni ara rẹ̀ ń pa, kí ni wọn ò ní sọ fún ìyá ẹlẹ́ja?

Ìmọ̀ ti wá gbèjà àwọn ìyá wa báyìí. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé pé ohun kan wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn tó dà bí ẹnu ọ̀nà. Bí ìròyìn ìfọwọ́kàn bá ti dí ibẹ̀, ìròyìn ìrora kì í rí àyè kọjá tán. Ní 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi èròjà tó ń ta nínú ata wá ibi tí ara fi ń mọ ooru. Ní 2002, òun àti Ardem Patapoutian, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi mẹ́ńtólù, irú èyí tó ń mú ara tutù nínú Robb, wá ibi tí ara fi ń mọ òtútù. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ooru ń dẹ ẹran ara tó ti le gan-an yí àpò ìtọ̀ ká, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè sáré. Òtútù ní tirẹ̀ ń dín wíwú kù, ó ń dá ìròyìn ìrora dúró lọ́nà. Láti 2011, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà ka ooru tàbí òtútù sí abẹ́ ikùn mọ́ ohun tí aláìsàn lè kọ́kọ́ fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan á wá ní, "Ọ̀fẹ́ mà ni!" Ọ̀fẹ́ ibo? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní Badia. Ẹ ó ra omi, ẹ ó ra kẹrosíìnì tàbí gáàsì tí ẹ ó fi gbé e kaná, ẹ ó sì ní yàrá tí ẹ lè tì fún ogún ìṣẹ́jú, níbi tí tọkọtaya àti ọmọ márùn-ún ti ń sùn sí yàrá kan. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn, yìnyín tó bá ṣẹ́kù sídìí páálí ẹja ló ń dì sínú ọ̀rá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, 2013, katapílà wọ apá kan Badia, nǹkan bí 9,000 èèyàn ló kàn. A máa ń ka ilé tó wó, a kì í ka báàfù tó fọ́. Ẹni tí kò nílé, ibo ni yóò ti jókòó sómi?

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ omi di òrìṣà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, tí Eldryd Parry wà lára wọn, rí i pé àìsàn ọkàn pọ̀ lára àwọn ìyá ọmọ níbẹ̀. Wọ́n ka ooru àpọ̀jù, ìyẹn ibùsùn tí wọ́n ń dáná sábẹ́ rẹ̀ àti ìwẹ̀ gbígbóná fún ogójì ọjọ́, pẹ̀lú kán-ún tí àwọn ìyá náà ń mu, mọ́ ohun tó ń fà á. Bákan náà, ẹ rántí àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò rẹ̀, tí Theodor Bilharz rí ní Cairo ní 1851, ń ti inú odò wọ ara, ó ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ó sì ń ba abẹ́ obìnrin jẹ́. Ó ń da àwọn abúlé tó yí ìdídò Ọ̀yán ká láàmú, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ọmọ àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ sì ń wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Omi gbígbóná lè tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára lálẹ́ òní, kò lè pa kòkòrò náà. Praziquantel ló ń pa á. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi ọgbọ́n lò ó. Kí omi gbóná níwọ̀n tí ìgúnpá yín lè gbà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó. Ẹ má gbé yìnyín lé ara lásán, ẹ fi aṣọ wé e, kó má sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ara kò dọ́gba: ẹlòmíràn á rí ìtura nínú òtútù, ìrora ẹlòmíràn á tún le sí i. Ẹni tí ìtọ̀ súgà ti mú kí ara rẹ̀ kú kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe, kí aboyún sì kọ́kọ́ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí ibà bá dé, tí ìtọ̀ bá dí, tàbí tí ara bá ń rù, ẹ gbọ́nà ọsibítù lọ kíá.

Ohun tó sì ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká yé fi àtọ̀sí bú ẹni tó ń ké. Ẹ bi í pé níbo ló ti ń dùn ún, ẹ bá a gbé omi kaná, kí ẹ sì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kejì. Ìjọra ti tanná fún Èkó rí, ó sì ń bá Èkó tọ́jú ẹja rẹ̀. Kò yẹ kí báàfù omi gbígbóná kan àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì wọ́n fún obìnrin tó ń gbé ibẹ̀.