Ẹ̀jẹ̀ Asibi àti Abẹ́rẹ́ Ibà Pọ́njú

Ní ọdún 1927, ibà pọ́njú mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn oníṣègùn gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sára ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà kan. Ọ̀bọ náà kú, Asibi yè. Báyìí ni wọ́n ṣe rí kòkòrò àìfojúrí àrùn náà mú.

Ẹ̀mí ni a fi ra ìmọ̀ yìí. Lọ́dún náà gan-an ni ibà pọ́njú pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí, ní ìlú Èkó.

Ní New York, Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sin irú kòkòrò tí ó ti ara Asibi wá nínú ẹran ara ọmọ adìẹ tí a kò tíì pa, ní ìgbà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí agbára rẹ̀ fi dẹ̀. Ní 1937 ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òkú kòkòrò ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ ti Salk, tí ó jáde ní 1955. Ti Theiler wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. Ara a dá a mọ̀, a sì pèsè ohun ìjà de ọ̀tá gidi.

Síbẹ̀, ní 2017, ibà pọ́njú tún yọ ní Nàìjíríà. Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ náà kò tíì jogún ohun tí Asibi fi sílẹ̀.