Etí Mẹkáníìkì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Àìsàn Sàléńsà Mọ̀ Láyé Ọkọ̀ Ìjàpá

Kí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ara mọ́tò láti fi ka àìsàn rẹ̀, etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ìró tó ń ti ìdí ọkọ̀ jáde sì wà lára ohun tí etí náà kọ́kọ́ máa ń gbé yẹ̀ wò. Àgbá irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá, tó ń pa ariwo rẹ̀ lẹ́nu mọ́ kó tó bọ́ sí ìta, ni wọ́n yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń pè ní sàléńsà. Milton àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1897, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí W. A. Dawodu fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò, tó sì ń tún un ṣe, ní ìlú Èkó.

Ariwo tí sàléńsà ń pa mọ́ra kì í ṣe ẹyọ kan. Sìlíńdà ni wọ́n ń pe ihò tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin bá sì ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìgbà 1600 ni iná ń sán nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí etí ń gbọ́ bí ìkùn kan ṣoṣo jẹ́ ọ̀pọ̀ ìró tó ń tẹ̀lé ara wọn gírígírí. Bí sìlíńdà kan bá dákẹ́, àlàfo á wà nínú ìtẹ̀léra náà, páìpù ìdí ọkọ̀ á sì máa tiro. Mẹkáníìkì á wá máa yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí sìlíńdà, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tó bá yọ tí ìró ọkọ̀ kò sì yí padà rárá ni wáyà sìlíńdà tó ti kú tẹ́lẹ̀.

Ó ṣòro láti rí ọkọ̀ tó dára fún kíkọ́ ẹ̀kọ́ yìí bíi Volkswagen tí Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Badagry ní ọdún 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára dípò omi, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó yọ sí abẹ́ ìdí rẹ̀ sì ní ìfé tirẹ̀ tí ọmọdé pàápàá fi ń mọ̀ ọ́n kó tó yọ lókèèrè. Bí ìfé náà bá ti yàtọ̀, ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bá jó, ọkọ̀ á máa ṣe ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́ ní kùtùkùtù tí irin ṣì tutù, ṣùgbọ́n bí irin bá ti gbóná tó sì wú, á fún ojú ihò náà mọ́ra, ìró á sì pòórá. Ìdí sì nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí ọkọ̀ sùn sí ọgbà òun, kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dáná sí i láàárọ̀. Bí àgbá fúnra rẹ̀ bá lu, híhó ni ọkọ̀ á máa hó hùùù. Bí awẹ́ irin inú rẹ̀ bá já, á máa ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí òkúta inú akèrègbè. Bí epo tí kò jó tán bá sì lọ gbiná nínú rẹ̀, gbàù ni, àwọn tó wà nítòsí á sì fò sókè.

Ojú nìkan kò lè ríran tó nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé epo pẹtiróòlù tó bá jó máa ń di omi pẹ̀lú èéfín, omi yìí sì ń dúró sínú àgbá ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà tó láti gbóná dáadáa, tó fi jẹ́ pé inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn àgbá lè máa dán kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Sípánà ni mẹkáníìkì ń fi kàn án: irin tó le á dún gbọnrannn, èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbá páálí. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi ṣeré ni, nítorí pé ara àwọn páìpù tí ń gbé èéfín Ìjàpá ni wọ́n ti ń fa ooru wọ inú ọkọ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ òtútù, bí wọ́n bá sì lu, afẹ́fẹ́ carbon monoxide, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, lè gba ibẹ̀ wọlé kó sì pa ẹni tó jókòó.

Ọmọ iṣẹ́ kò rí èyí kà nínú ìwé. Ẹnu ọ̀gá ló ti ń gbọ́ ṣẹ́-ṣẹ́, hùùù àti kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, èdè Yorùbá sì ràn án lọ́wọ́ gidigidi, torí pé ọ̀rọ̀ tó ń ya ìró bí ó ṣe dún gan-an pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àfarawé kan ṣoṣo tó láti júwe àìsàn ọkọ̀.

Àwọn ọkọ̀ Tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, gbé kátálísì dé, ìyẹn àpótí tó ń sọ èéfín olóró di èyí tí oró rẹ̀ dín kù. Òjé inú epo àtijọ́ máa ń ba èyí jẹ́, kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó fẹnu kò ní Dakar ní ọdún 2001 láti yọ ọ́ kúrò. Inú kátálísì tó rí bí afárá oyin sì máa ń fọ́, a sì máa dún ṣàràṣàrà. Àwọn ọkọ̀ náà tún gbé àyẹ̀wò ẹ̀rọ dé, torí pé láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò kan náà tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ bí èéfín ṣe rí fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kì í dé ìdí páìpù, nítorí náà sàléńsà lè lu lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀rọ náà má rí nǹkan kan sọ. Níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ṣì ń fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí ẹnì kejì rẹ̀ á sùn sábẹ́ ọkọ̀, tí á tẹ́tí sí ibi tí èéfín ti ń fọn síìì jáde, tí á sì fi ẹfun sàmì sí i fún wẹ́dà.